Bíréèkì ẹ̀yìn ọ̀kadà mi kò mú mọ́: mo ti fà á, mo ti pààrọ̀ ṣúù, pàbó ló já sí

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni mo wà, Boxer 100 ni mò ń gùn, èrò àti ẹrù ni mo fi ń kó. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé bí o kò bá ń gun òkè, ò ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó tó oṣù kan báyìí tí bíréèkì ẹ̀yìn ti dẹ̀. Màá tẹ pẹ́dà títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ọ̀kadà á ṣì máa lọ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbi òde. Mo fa nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń mú kí bíréèkì ẹ̀yìn le, títí ó fi dé ìparí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, ó pààrọ̀ ṣúù méjèèjì sí tuntun. Ọjọ́ kìíní, ó mú díẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lánàá mo gbé ìyá kan pẹ̀lú àpò gàrí méjì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, Ọlọ́run ló yọ wá níbi kọ́nà kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Owó ṣúù mìíràn kò sí lọ́wọ́ mi.

Alábẹ́òkúta:
Àpò gàrí méjì pẹ̀lú èèyàn! Bíréèkì wo ló fẹ́ mú ìyẹn? Ayédèrú ṣúù ni wọ́n tà fún ẹ, lọ ra ojúlówó.

Bàbá Jíà:
Alábẹ́òkúta, má tíì rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sọ́jà. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, o kú ewu àná. Iṣẹ́ ọ̀kadà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn láti ọdún 1991, ohun tí mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé bíréèkì tí kò mú, ọ̀nà méjì ló pín sí. Nínú kí agbára ẹsẹ̀ rẹ má dé inú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin roboto àárín táyà tí ṣúù wà nínú rẹ̀, tàbí kó dé ibẹ̀ kí ojú ṣúù sì máa yọ̀. Pẹ́dà ló máa sọ èyí tó jẹ́ fún ẹ. Bí ó bá rọ̀, tó ń wọlẹ̀ bí ẹni tẹ fùfú, agbára ni kò dé. Bí ó bá le gbọin lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ọ̀kadà kò sì dúró, ṣúù ló ń yọ̀.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kò rí i rí. Ṣúù méjì ló dojú kọra bí ìlàjì òṣùpá méjì. Láàárín orí wọn ni irin kan wà tí à ń pè ní káàmù. Bí o bá tẹ pẹ́dà, rọ́ọ̀dù á fa apá tó wà lẹ́yìn, apá á yí káàmù, káàmù á wá ti ṣúù méjèèjì síta kí wọ́n fi ara ha họ́ọ̀bù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà dá mi lóhùn: pẹ́dà tó ń wọlẹ̀ lóṣù tó kọjá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ṣúù?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ ṣeun, bàbá. Rárá o, ó ti le báyìí. Mo lè dìde dúró lórí rẹ̀, kò ní wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ń yọ̀ lọ. Ó tún ní òórùn kan bí ìgbà tí nǹkan ń jó.

Bàbá Jíà:
Ṣé o ti rí i? Àìsàn méjì ló ṣe ọ̀kadà rẹ, wọ́n wo ọ̀kan, wọ́n sì fi ìkejì rọ́pò rẹ̀. Ti oṣù tó kọjá, ṣúù ló ti jẹ tán. Tọ̀sẹ̀ yìí, nǹkan ti bá ojú ṣúù tuntun jẹ́. Má fa nọ́ọ̀tì yẹn mọ́. Nọ́ọ̀tì kì í wo ṣúù tó ń yọ̀, ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Alábẹ́òkúta:
Bàbá, ẹ má bínú, n ò mọ̀ pé pẹ́dà ti le. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ló kàn án, kó yọ ṣúù yẹn, kó da bẹntiróò sí i, kó ṣáná sí i. Ọ́ìlì á jó tán. A máa ń ṣe é níbí.

Bàbá Jíà:
Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ṣe é. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo kéré. Awọ tó wà lójú ṣúù yẹn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Iná á jó ọ́ìlì, á sì jó gọ́ọ̀mù náà. Lọ́jọ́ kan awọ yẹn á ṣí lára irin, á ká bọ́ sínú họ́ọ̀bù, táyà ẹ̀yìn á dì lójijì. Mo ti fi ọwọ́ ara mi tú irú rẹ̀. A ò rí ṣúù níbẹ̀, irin lásán pẹ̀lú èérún dúdú la bá.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn:
Ẹ káàsán, bàbá mi, ẹ káàsán gbogbo ilé. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ni mo fi ń lọ sí àwọn abúlé tí a ti ń fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, mo sì rí nǹkan tó jọ èyí. Wọ́n fa ṣéènì mi nítorí pé ó ti dẹ̀. Nígbà tí mo gbéra, mo rí i pé ọ̀kadà wúwo, mo rò pé ẹrù ni. Nígbà tí mo fi rin bí ìṣẹ́jú ogún, mo ń gbóòórùn. Mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo tẹ bíréèkì, òfo. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ fi ọwọ́ kan họ́ọ̀bù, n kò lè sún mọ́ ọn. Mo da omi ìmumi sí i, ó hó ṣáà.

Ìgbà tí mo délé ni ọmọ àbúrò bàbá mi ṣàlàyé. Ó ní bí wọ́n bá fa ṣéènì, táyà ẹ̀yìn ń sún sẹ́yìn, ó sì ń fa apá bíréèkì lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, rọ́ọ̀dù kò sì gùn sí i. Bíréèkì á wá máa mú láìjẹ́ pé èèyàn tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fa ṣéènì tán, èmi fúnra mi ń gbé e sórí ìdúró, mo ń fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Bí kò bá yí fàlàlà, mo ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó san owó.

Bàbá Jíà:
O káre, ọmọ mi. Àmọ́ má da omi sí irin gbígbóná mọ́ láé. Ó lè sán, ó sì lè tẹ̀ kó má rí roboto mọ́. Bí họ́ọ̀bù bá gbóná, dúró kó fẹ́ tútù fúnra rẹ̀, kódà kí àwọn ọmọ abúlé máa dúró.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó tú nǹkan kan. Kí o tẹ pẹ́dà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú, bí ìbú ìka méjì, láti sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bíréèkì rẹ ń mú ní gbogbo ìgbà, o sì ń sun ṣúù rẹ níná díẹ̀díẹ̀. Ìwọ tí o fa nọ́ọ̀tì dé ìparí, ìfòyà mi nìyẹn.

Ará Kétu:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Kétu ni mo wà, ní Benin níbí, mo sì gun zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ní Kùtọnu fún ọdún mẹ́jọ kí n tó padà wálé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ni ṣúù tuntun tí kò bá họ́ọ̀bù àtijọ́ mu. Họ́ọ̀bù tó ti pẹ́ ti jẹ, inú rẹ̀ ti fẹ̀. Ṣúù tuntun tí wọ́n ṣe fún họ́ọ̀bù tuntun, orí kan ṣoṣo ló máa fi kàn án, ojú tó kù kò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń lo ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì tí tíṣà fi ń kọ̀wé. Á fi kun ojú awọ ṣúù méjèèjì títí á fi funfun, á dá gbogbo rẹ̀ padà, á yí táyà, á rọra tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á tún tú u. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti pa rẹ́, ibẹ̀ ni ṣúù ń fi kan họ́ọ̀bù. Ibi tó ṣì funfun, kò tíì kan nǹkan kan. Á wá fi sáńpépà ha ibi tó yọ sókè, díẹ̀díẹ̀, á tún kun ṣọ́ọ̀kì. Mo rí i tó ṣe é nígbà mẹ́rin lórí ọ̀kadà kan kí inú rẹ̀ tó dùn. Àwa ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín pé ó fẹ́ kọ́ ọ̀kadà ní ABD. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe é tán, ẹsẹ̀ kan ló máa fi tẹ̀ ẹ́.

Alábẹ́òkúta:
Tiwa kúrú ju ìyẹn lọ. Bí ṣúù bá ti jẹ, a ń gé agolo mílíìkì kékeré, a ń fi wé orí ṣúù níbi tí káàmù ti ń tì í. Ó máa ń lo oṣù mẹ́ta sí i.

Ará Kétu:
Ọ̀gá mi lé ọmọ iṣẹ́ kan lọ nítorí agolo yẹn.

Bàbá Jíà:
Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí agolo ń ṣe ni pé ó ń ti ṣúù tó yẹ kó ti kúrò níbẹ̀ síta. Bí awọ bá ti ku mílímítà 2, ó ti tán. Ṣúù méjèèjì lẹ ó sì jọ pààrọ̀, ẹ kì í pààrọ̀ ẹyọ kan. Bí awọ bá jẹ tán, irin á máa ha irin, họ́ọ̀bù lẹ ó sì rà, ẹni tó bá ti rà á rí mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ owó ṣúù. Ẹ wo inú họ́ọ̀bù, wọ́n sábà máa ń tẹ MAX àti nọ́ńbà kan sí i. Họ́ọ̀bù tó bá jẹ́ mílímítà 110, 111 ló sábà máa ń jẹ́ òpin rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní irin ìwọ̀n, ẹ fi èékánná tọ etí inú rẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ sí etí gíga kan bí etí àwo, ó ti jẹ jìnnà nìyẹn.

Ọgbọ́n kan tún wà tó burú ju agolo lọ, ìyẹn kí wọ́n yọ apá bíréèkì lára káàmù, kí wọ́n sún un ní eyín kan tàbí méjì kí pẹ́dà lè le. Àmì wà lára apá, àmì wà lórí káàmù, ó yẹ kí wọ́n dojú kọra. Bí ẹnikẹ́ni bá sún un, ẹ ò ní mọ̀ pé ṣúù ti tán. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, káàmù lè yí kọjá ààyè rẹ̀, bíréèkì á dì, kò sì ní tú mọ́. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, jẹ́ kí ẹnì kan bá ẹ tẹ pẹ́dà kí ìwọ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ wò ó. Nígbà tí bíréèkì bá mú, kí apá àti rọ́ọ̀dù ṣe igun bí igun fèrèsé. Bí apá bá ti sùn síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí o tilẹ̀ fi ara rẹ lé pẹ́dà, agbára rẹ ti ṣòfò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Mo ti wò ó. Àmì kò dojú kọra. Eyín méjì ni wọ́n fi sún un. Ọ̀kadà àlòkù ni mo rà á, bóyá ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó tà á fún mi. Ọ̀la Sunday ni, n kò ní ṣiṣẹ́, màá tú u. Irú sípánà wo ni kí n wá?

Bàbá Jíà:
Sípánà 10, 14 àti 17 ló sábà máa ń ṣe é, pẹ̀lú fáílì kékeré, sáńpépà, àkísà tó mọ́, àti omi ọṣẹ. Fetí sí mi dáadáa. Eruku dúdú tó bá wà nínú rẹ̀, má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Àwọn ṣúù àtijọ́ kan ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ó ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Àkísà tútù ni kí o fi nù ún. Má fi bẹntiróò fọ họ́ọ̀bù, má sì fi epo òyìnbó fọ̀ ọ́, torí ọ̀rá tí epo òyìnbó bá fi sílẹ̀ náà ló máa yọ̀ lọ́la. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ ló tó, kí o sì sá a gbẹ.

Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó fi kan ṣúù. Ẹ rò pé mò ń ṣeré. Ọmọ iṣẹ́ tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì láti àárọ̀ tó wá fi ọwọ́ yẹn mú ṣúù tuntun, ó ti ba ṣúù náà jẹ́ kó tó wọlé.

Gírísì kò ju bí ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ara káàmù àti ibi tí ẹsẹ̀ ṣúù gbé dúró nìkan ni ó ń lọ. Bí o bá ń dá bóòtù gígùn táyà padà, má tíì dì í pa. Tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹnì kan bá ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí o tó wá di bóòtù náà. Ìyẹn á jẹ́ kí ṣúù bọ́ sí àárín họ́ọ̀bù. Ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tún wà lábẹ́ tó so ọmọrí họ́ọ̀bù mọ́ ara ọ̀kadà. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní pín-ìn kékeré. Bí pín-ìn yẹn kò bá sí níbẹ̀, ra tuntun kí o tó gùn ún. Bí ọ̀pá yẹn bá já, gbogbo ọmọrí á yí tẹ̀lé táyà, n kò fẹ́ sọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú:
Ẹ jọ̀wọ́, tèmi kì í ṣe ti ṣúù. Dísíìkì ni Pulsar mi ní lẹ́yìn, pẹ́dà ń wọlẹ̀ bí fóòmù. Mẹkáníìkì ní kí n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i.

Bàbá Jíà:
Ọ̀gá tíṣà, ẹ sá fún mẹkáníìkì yẹn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, gbogbo rẹ̀ lẹ ó sì pààrọ̀. Ẹ wo orí ìdérí ibi tí wọ́n ń da omi bíréèkì sí, DOT 3 tàbí DOT 4 ni wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ni kí ẹ rà. Fóòmù tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ ló wọ inú páìpù. Ẹ ní kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ náà jáde, kí wọ́n máa bu omi bíréèkì kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Tí ó bá tún dẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ń jò níbì kan. Ẹ má jẹ́ kó kán sí ọ̀dà ọ̀kadà yín o, ó máa ń bó o.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bàbá, mo ti tú u. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí.

Mo ṣí ọmọrí, gírísì ló kọ́kọ́ kí mi. Wọ́n fi kun káàmù bí ẹni fi bọ́tà sí búrẹ́dì ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí. Ó ti yọ́, ó ti ṣàn sórí ṣúù ìsàlẹ̀. Mo fi ìka nu ojú rẹ̀: dúdú, ó ń dán bí bàtà ọjọ́ ọdún, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣúù òkè gbẹ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ nìkan ló ti kàn, ibi tó kù ṣì rí bí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí. Ohun tí ará Kétu sọ gan-an nìyẹn. Etí họ́ọ̀bù kò kọ́ èékánná púpọ̀. Pín-ìn tí bàbá sọ kò sí níbẹ̀, wáyà tín-ínrín ni wọ́n fi dì í.

Mo fẹ́ bi yín, ṣé ṣúù ìsàlẹ̀ yẹn ṣì wúlò?

Bàbá Jíà:
Fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ títí dídán yẹn á fi lọ. Lẹ́yìn náà gbé e dojú dé orí bébà funfun, sínú oòrùn ọ̀sán, fi í síbẹ̀ bíi wákàtí méjì. Bí bébà bá gbẹ, lò ó. Bí bébà bá rí bí èyí tí wọ́n fi wé àkàrà, ọ̀rá ti wọ inú awọ, sáńpépà kò lè dé ibẹ̀. Ra méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn:
Mo ń dúró gbọ́ o.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Bébà àkàrà gbáà ni.

Mo gbé ṣúù àti bébà náà lọ bá mẹkáníìkì yẹn. Ó kọ́kọ́ ní kò sí irú ẹ̀ rí. Mo ní kó fi ọwọ́ kan bébà. Ó dákẹ́, ó wá ní òun á san ìdajì owó ṣúù, òun ò sì ní gba owó iṣẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe é lójú rẹ̀ kí òun máa wò mí. Mo fọ họ́ọ̀bù, mo sá a. Mo dá apá káàmù padà sí ojú àmì. Mo ra pín-ìn. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn, ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin náà kan ń ya fọ́tò mi. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí n tó di bóòtù táyà bí bàbá ṣe wí.

Lónìí ó di ọjọ́ mẹ́rin. Mo ṣì ń rọra lò ó kí ojú ṣúù lè jókòó, n kò gbé ju èrò kan lọ. Ṣùgbọ́n mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Erin ní òwúrọ̀ yìí, mo fi jíà kejì sọ̀ dípò kí n fi sí fúrì bí mo ṣe máa ń ṣe láti fi ṣọ́ epo, mo tẹ̀ ẹ́ níbi kọ́nà ọjọ́sí, ó mú. Iná ẹ̀yìn nìkan ni kò kú mọ́, ó ń tàn láìtẹ bíréèkì.

Ará Kétu:
Sípíríǹgì kékeré tó so suíìṣì iná mọ́ pẹ́dà ló ti le jù. Nọ́ọ̀tì ọ̀rá dúdú kan wà lọ́rùn suíìṣì náà, yí i díẹ̀ títí iná á fi kú, kó wá máa tàn nígbà tí pẹ́dà bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú.

Bàbá Jíà:
O ṣé gan-an, ọmọ mi. Ìbéèrè kan ló kù. Láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, o kò sọ nǹkan kan nípa bíréèkì iwájú. Nígbà tí o ń sọ̀ kalẹ̀, iwájú ni ẹrù ń wọ́ lọ, táyà iwájú ló ní agbára ìdúró jù. Báwo ni tìẹ ṣe ń mú?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Okùn rẹ̀ ti já kí n tó rà á.

Bàbá Jíà:
Gbé ọ̀kadà yẹn sílẹ̀ níbi tó wà. Fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra okùn.